Sẹ́ńsọ̀ tuntun ti wọlé, iná ẹ́ńjìnnì tún tàn: ṣé kí n ra òmíì ni?

Ìbéèrè: Bọ̀ọ̀dá rewáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Ọ̀mù-Àrán níbí, Corolla 2006 ni mò ń wà. Oṣù tó kọjá ni iná ẹ́ńjìnnì tàn lójú dásíbọ́ọ̀dù, mọ́tò wá bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo bí ẹni mu omi, epo tó máa ń gbé mi dé Ìlọrin tí mo sì máa fi padà sílé, Àjàṣẹ́ ni mo ti ń wá filling station báyìí. Mẹkáníìkì mi skáànù ẹ̀, ó ní P0171 ni, ó ní oxygen sensor ló bàjẹ́, a ra tòkunbọ̀, ó pààrọ̀ ẹ̀. Iná kú. Ọjọ́ kẹta ó tún tàn, P0171 náà ni. Ó wá ní tòkunbọ̀ tá a rà ò dáa, ká ra òmíì. Èyí tó yọ ṣì wà nínú búùtì mi. Ṣé kí n tún ra òmíì ni? Ṣé mo sì lè máa wà á lọ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ kú ìnáwó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra nǹkan kan.

P0171 ò sọ pé sẹ́ńsọ̀ bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé atẹ́gùn ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ kó bá epo mu lọ nínú ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Sẹ́ńsọ̀ yẹn, ara sàlẹ̀ńsà ló wà, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa tọ́ èéfín wò, kó mọ ọ́síjìn tó ṣẹ́kù níbẹ̀, kó sọ fún brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, brain box á wá fi epo kún un tàbí kó dín in kù. Ẹ wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó máa tọ́ ọbẹ̀ wò níbi ìnáwó. Tó bá ní iyọ̀ ò tó, tẹ́ẹ bá lé e lọ tẹ́ẹ pe ẹlòmíì, tí iyọ̀ ò bá tó lóòótọ́, èyí tẹ́ẹ pè yẹn náà á ní iyọ̀ ò tó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn. Iná tó kú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ ló pa á, ẹ̀rọ skáànù ni wọ́n fi pa kóòdù ẹ̀ rẹ́, ó wá gba brain box lọ́jọ́ mẹ́ta kó tó tún rí ohun tó rí tẹ́lẹ̀.

Tó bá jẹ́ sẹ́ńsọ̀ gan-an ló ń ṣàìsàn, orúkọ ẹ̀ ló máa ń sábà yọ. P0135, iná tó ń gbóná nínú sẹ́ńsọ̀ iwájú ni wọ́n ń bá wí. P0133, sẹ́ńsọ̀ iwájú ti ń lọ́ra. P0141, iná inú ti ẹ̀yìn nìyẹn. Torí méjì ni wọ́n, ọ̀kan wà níwájú kátálíìsì, ìyẹn agolo ara sàlẹ̀ńsà tó ń fọ èéfín mọ́, ìkejì wà lẹ́yìn ẹ̀, ti iwájú ló ń bá brain box pín epo, ti ẹ̀yìn kàn ń ṣọ́ kátálíìsì ni. Mo ti rí ẹni tí wọ́n ní kó pààrọ̀ ti iwájú, ti ẹ̀yìn ni wọ́n tú.

Níbo ni mo fura sí? Sàlẹ̀ńsà tó ń lu, kó tó dé ibi tí sẹ́ńsọ̀ wà. Ẹ máa ní èéfín ń tú jáde ni, báwo ni atẹ́gùn ṣe máa wọlé. Èéfín yẹn kì í jáde gbuuru bí omi ẹ̀rọ, gbì gbì gbì ló ń jáde, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń tú u, láàárín gbì kan sí ìkejì ó máa ń fa atẹ́gùn ìta wọlé látibi tó ń lu yẹn, sẹ́ńsọ̀ á tọ́ ọ wò, á ní háà, ọ́síjìn pọ̀ níbí, brain box á bá da epo sí i, bẹ́ẹ̀ epo tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó. Ìdí tí mo ṣe fura síbẹ̀ nìyẹn, torí ẹ ní ó ń mu epo, kóòdù sì ní epo ò tó. Ọkùnrin kan gbé Camry wá bá mi ní Gàá Àkàńbí, sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta ló ti rà. Wẹ́dà kan ló ti gé kátálíìsì ẹ̀ tà, torí pílátínọ́ọ̀mù àti pàlédíọ́ọ̀mù tó wà nínú ẹ̀ làwọn tó ń rà á ń wá, ó wá fi páìpù lásán jó o padà, ibi tó jó o ò pé, ẹ lè ti ọmọ ìka bọ̀ ọ́. Ká jó ibẹ̀ dáadáa ló kù. Tí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ bá yín yọ kátálíìsì kí mọ́tò lè sáré, ẹ yáa gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Láàárọ̀ kùtù, kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ ní kí ẹnì kan tá a, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Tẹ́ẹ bá ń gbọ́ tíkì tíkì tíkì tó wá ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń gbóná, ó ń lu nìyẹn, irin tó gbóná ló fẹ̀ tó di ojú ẹ̀. Ẹ wo ibi oríkèé sàlẹ̀ńsà, tẹ́ẹ bá rí èédú dúdú, ibẹ̀ ni. Àwa máa ń bu omi ọṣẹ sí i, a fi àkísà dí ìdí sàlẹ̀ńsà díẹ̀, ibi tó bá ti ń hó la mú.

Tí kò bá lu níbẹ̀, róbà kékeré kan lè ti ya lára intake, ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa atẹ́gùn, tàbí MAF sensor tó ń wọn atẹ́gùn tó ń wọlé dọ̀tí, tàbí kí páńpù epo má tì í dáadáa mọ́. Lásìkò ọyẹ́, MAF ni mo máa ń kọ́kọ́ yọ, eruku ibí yìí ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, oògùn ẹ̀ tó wà nínú agolo ni wọ́n ń fín sí i o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi búrọ́ọ̀ṣì nù ún. Plọ́ọ̀gì tí ò jó dáadáa náà lè dá a sílẹ̀, torí epo tí ò jó, ọ́síjìn tó yẹ kó fi jó náà ò lọ síbì kankan.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé sẹ́ńsọ̀ yè? Ẹ̀rọ kékeré tó ń lo Bluetooth, tí wọ́n ń pè ní ELM327, tó ṣe é fi fóònù wò, tó. Ẹ wo fuel trim, ìyẹn iye epo tí brain box ń fi kún un tàbí tó ń dín kù, tó bá wà láàárín mẹ́wàá sókè mẹ́wàá sísàlẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún kò burú, tiyín á ti kọjá ogún. Mo máa wá yọ róbà atẹ́gùn kékeré kan, sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ kígbe pé atẹ́gùn ti pọ̀. Mo máa fín carb cleaner, oògùn inú agolo tó ń jó bí epo, díẹ̀ síbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, sẹ́ńsọ̀ gbọ́dọ̀ yí ohùn padà kíá, kó ní epo ti pọ̀. Tó bá ṣe méjèèjì láì lọ́ra, ara ẹ̀ yá. Ti oxygen sensor lásán, fọ́ọ̀tì ẹ̀ máa ń lọ láti bíi 0.1 dé 0.9, á máa fò lọ fò bọ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ Toyota, A/F sensor, irú sẹ́ńsọ̀ mìíràn tó ń wọn bí atẹ́gùn àti epo ṣe pọ̀ sí, ló wà níwájú wọn, kì í fò bẹ́ẹ̀, àìmọye A/F tó dáa ni wọ́n ti jù nù torí pé kò fò. Ibi tí tòkunbọ̀ ti ń ko wá ní wàhálà náà nìyẹn: nọ́ńbà Toyota tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 89467, A/F ni, tó bá jẹ́ 89465, oxygen sensor lásán ni. Ẹ wo nọ́ńbà èyí tí wọ́n fi sí i báyìí. Tí ò bá jọ ti inú búùtì, ìṣòro ti di méjì.

Tí àyẹ̀wò bá wá fi hàn pé pípààrọ̀ ló kù, tuntun ni kẹ́ ẹ rà, Denso tàbí NTK, ẹ má ra tòkunbọ̀, ẹni tó tà á fún yín náà ò mọ iye ọdún tó ti fi mu èéfín. Spánà 22 ló ń tú u, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ihò fún wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló dáa jù. Kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí wọ́n fín WD-40 sí i, kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná, torí èyí tó bá ti dípẹtà, tí wọ́n bá fi agbára fà á, á kó tíréèdì ara sàlẹ̀ńsà dání. Tuntun yẹn, kò gbọdọ̀ já lu sìmẹ́ǹtì, kí ọwọ́ ọ̀rá má kan orí ẹ̀. Gírísì anti-seize, ara tíréèdì nìkan ni, àwọn tuntun míì sì ti ní in lára tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n má fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù dí nǹkan kan nítòsí ibẹ̀, èéfín ẹ̀ máa ń pa sẹ́ńsọ̀, á bo orí ẹ̀ ní funfun bí ẹfun.

Wáyà ńkọ́? Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ̀yin rewáyà, ẹ jọ̀ọ́. Ká gé wáyà sẹ́ńsọ̀ ká lọ́ ọ pọ̀, ká fi téèpù dì í, kò dáa. Atẹ́gùn mímọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń wọn èéfín, inú wáyà yẹn ló ń gbà wọlé, tẹ́ ẹ bá fi òjé jó o, ẹ ti dí i nímú. Sẹ́ńsọ̀ tí plọ́ọ̀gù ìdí wáyà ẹ̀ bá ti mọ́tò náà mu ni kẹ́ ẹ wá.

Ti wíwà á lọ, tí iná yẹn bá kàn dúró sójú kan, ẹ lè máa rọra wà á fún ọjọ́ díẹ̀, epo lẹ máa fi san án. Tó bá ń ṣẹ́jú pàú pàú, ẹ páàkì, epo tí ò jó ló ń lọ sínú kátálíìsì, á sì jó o. Tẹ́ẹ bá ń bọ̀ ní Ìlọrin, ẹ wọlé lálẹ́ kí mọ́tò sùn sọ́dọ̀ mi, kí n lè tá a ní tútù láàárọ̀. Èyí tó wà nínú búùtì yẹn, ẹ má jù ú nù o, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun la máa dá padà.