Èsì: ẹran òkun tó ń tú omi elésè-àlùkò yẹn

Àbúrò mi l'Ájàṣẹ́, mo ti wo fótò ẹran tóo rí lórí òkúta létí òkun Kútọnu, tóo ní kí n bá ẹ mọ irú èyí tó jẹ́, ìgbín òkun ni lóòótọ́, irú tí wọ́n ń pè ní Aplysia dactylomela ni mo fọkàn sí, torí òrùka dúdú ara ẹ̀, ìyẹ́ méjì tó ká bo ẹ̀yìn, àti omi elésè-àlùkò tóo ní ó tú jáde nígbà tóo fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe nudibranch, ẹ̀yà ìgbín òkun mìíràn, o, àwọn yẹn kì í ní karahun mọ́ tí wọ́n bá dàgbà, tèyí ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lábẹ́ awọ.

Ṣùgbọ́n ó ti súnkì nínú fótò yẹn! Tóo bá tún rí i, gbé e sínú abọ́ omi òkun kó nàró dáadáa, ya ìwo mẹ́rin orí ẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, fi owó ẹyọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ ká lè mọ bó ṣe tóbi tó, kóo wá dá a padà síbi tóo ti gbé e, jọ̀ọ́.