Ẹ Béèrè, A Ó Dáhùn: Ímeèlì Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé

Láti Òṣogbo: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi ra ráútà tó ń lo síìmù wálé, àwọn ọmọdé sì ti ń fi wo fídíò. Èmi fẹ́ ní ímeèlì lórí kọ̀ǹpútà ilé. Ṣé iléeṣẹ́ tó ta ráútà fún wa ló máa fún mi ní àdírẹ́sì ni?

Ìdáhùn: Rárá, Ìyá wa. Dátà ni wọ́n ń tà. Àwọn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ilé ní Nàìjíríà kì í sábà fi àdírẹ́sì ímeèlì kún un. Ó sì dára bẹ́ẹ̀, torí bí ẹ bá pààrọ̀ ráútà lọ́la, àdírẹ́sì yín ò ní bá a lọ. Ẹ lọ sí gmail.com tàbí outlook.com, kí ẹ forúkọ sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni.

Wọ́n á béèrè nọ́ńbà fóònù. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ yín fúnra yín sí i, kì í ṣe ti ọmọ tó ń bá yín ṣe é, torí ibẹ̀ ni kóòdù máa wá lọ́jọ́ tí ẹ bá gbàgbé páswọ́ọ̀dù. Ẹ má sì lo nọ́ńbà síìmù tó wà nínú ráútà. Bí ẹ bá lò ó, inú ráútà ni kóòdù yẹn máa wọ̀ sí, ẹ ó sì ní láti wọ ojú ewé ráútà kí ẹ tó lè kà á (192.168.8.1 ni lórí ọ̀pọ̀ ráútà Huawei).

Gmail á fún yín ní àyè 15 GB. Àyè yẹn kan náà ni fọ́tò inú Google Photos àti fáìlì inú Drive ń lò, tó bá sì kún, lẹ́tà tuntun ò ní wọlé mọ́.

Ẹ lè máa kà á nínú Chrome tàbí Firefox, kò pọn dandan kí ẹ fi nǹkan mìíràn sórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá fẹ́ áàpù ímeèlì gangan, Thunderbird dára, kò sì gba owó. Ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì yín sí i, á gbé ojú ewé Google wá kí ẹ fi wọlé. Tó bá béèrè IMAP tàbí POP, ẹ mú IMAP. Pẹ̀lú IMAP, lẹ́tà á wà lọ́dọ̀ Google, fóònù àti kọ̀ǹpútà á sì máa rí ohun kan náà. POP máa ń kó lẹ́tà wá sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ó sì lè pa á rẹ́ lọ́hùn-ún. Bí kọ̀ǹpútà bá wá bàjẹ́, ó parí nìyẹn.

Láti Ìbàdàn: Ẹni tó ṣe wẹ́ẹ̀bù ìtajà mi bá mi ṣe àdírẹ́sì tó ní orúkọ ìtajà nínú. Lẹ́tà ń wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n tí mo bá fèsì, inú Outbox ló ń dúró sí. Mo gbé kọ̀ǹpútà kan náà lọ sí ọ́fíìsì ọ̀rẹ́ mi, ó sì lọ. Ṣé ráútà mi ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ráútà yín ò bàjẹ́, sà. Ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà wọlé yàtọ̀ sí èyí tó ń gbà jáde, ọ̀kan lè ṣí kí èkejì tì pa. IMAP ló ń gbé e wọlé, port 993 ló ń lò (port ni nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà kọjá). SMTP ló ń gbé e jáde, ó sì jọ pé port 25 ni wọ́n kọ fún un lórí kọ̀ǹpútà yín. Port 25 ni kòkòrò inú kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn ń gbà rọ̀jò lẹ́tà jìbìtì jáde láìjẹ́ pé onílé mọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fi tì í pa lórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé. Lórí èyí tí ọ́fíìsì ń lò, wọ́n lè má tì í.

Port 587 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú yín, láti 1998. Nínú Thunderbird, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè, ẹ mú Account Settings, kí ẹ lọ sí Outgoing Server (SMTP) tó wà nísàlẹ̀ lápá òsì. Ẹ tẹ orúkọ server yín (kọ̀ǹpútà tó ń bá yín gbé lẹ́tà), lẹ́yìn náà Edit. Ní Port, ẹ kọ 587. Ní Connection security, ẹ mú STARTTLS. Ní Authentication method, ẹ mú Normal password. Ní User Name, ẹ kọ àdírẹ́sì yín látòkè délẹ̀, títí kan @ àti ohun tó tẹ̀lé e. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, wọ́n á kọ “info” nìkan.

Tí 587 bá kọ̀, ẹ lo 465, ṣùgbọ́n SSL/TLS ni tirẹ̀. Ẹ má pa wọ́n pọ̀: bí ẹ bá fi SSL/TLS sí 587, á kàn máa yí ni, títí á fi sọ pé àkókò ti kọjá. Tó bá gbé “relay” jáde nínú ohun tó kọ, ó sábà máa ń jẹ́ pé No authentication ṣì wà níbẹ̀, server ò mọ ẹni tí ẹ jẹ́.

Tó bá jẹ́ pé “certificate” ló ń kígbe, ẹ kọ́kọ́ wo aago kọ̀ǹpútà. Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti pẹ́, bátìrì pẹlẹbẹ tó wà nínú rẹ̀, CR2032, ti lè kú. Bí iná bá ti lọ, aago á padà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé ẹ̀rí server á sì dà bí èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì pé. Ẹ tún ọjọ́ ṣe, kí ẹ pààrọ̀ bátìrì. Tí aago bá péye tó sì ní orúkọ ò bára mu, ẹ béèrè orúkọ server gangan lọ́wọ́ ẹni tó ń gba wẹ́ẹ̀bù yín sílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn tẹ Confirm Security Exception kó lè ṣáà lọ. Páswọ́ọ̀dù yín lẹ fi ń tọrẹ yẹn.

Tó bá lọ tán tí oníbàárà ń bá a nínú Spam, ẹ ní kí ẹni tó ṣe wẹ́ẹ̀bù fi SPF àti DKIM, àmì tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ yín ni lẹ́tà ti wá lóòótọ́, sí orúkọ wẹ́ẹ̀bù yín. Láti February 2024 ni Google àti Yahoo ti mú un le.

Láti Peckham, Lọ́ńdọ̀nù: Mo fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ broadband wa, ṣùgbọ́n àwọn ló fún mi ní àdírẹ́sì ímeèlì tí mo ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ wá.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kẹ́rù kúrò kí ẹ tó fagi lé àdéhùn. Iléeṣẹ́ kan á ti àpótí pa láìpẹ́, òmíràn á máa gba owó lóṣooṣù. Ẹ béèrè iye ọjọ́ àti iye owó, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Ẹ ṣí àdírẹ́sì tuntun, kí ẹ fi ti àtijọ́ àti tuntun sínú Thunderbird pẹ̀lú IMAP. Ẹ yan lẹ́tà díẹ̀díẹ̀, ọgọ́rùn-ún mélòó kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi Copy To gbé wọn sí ọ̀dọ̀ tuntun. Copy ni o, kì í ṣe Move, torí bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já lágbedeméjì, ti àtijọ́ ṣì wà. Ẹ má gbàgbé Sent.

Lẹ́tà kọ́ ló ń dẹ́rù bà wá jù, àwọn ibi tí ẹ ti ń fi àdírẹ́sì yẹn wọlé ni. UKVI, iléeṣẹ́ físà ìjọba ibẹ̀, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yí tí ẹ bá ń lo eVisa (físà orí íntánẹ́ẹ̀tì), torí kóòdù ìwọlé lè máa lọ sórí ímeèlì yẹn, eVisa yín lẹ sì fi ń fi han agbanisíṣẹ́ àti onílé pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni báńkì, HMRC (àwọn olówó orí) àti NHS App (áàpù ètò ìlera). Ẹ jáde, kí ẹ tún wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè mọ̀ pé ó ti yí lóòótọ́.

Láti Abẹ́òkúta: Páswọ́ọ̀dù Gmail mi tọ̀nà, ṣùgbọ́n áàpù ímeèlì orí fóònù mi àtijọ́ ní kò tọ̀nà.

Ìdáhùn: Google ò gba páswọ́ọ̀dù lásán mọ́ láti inú irú áàpù bẹ́ẹ̀. Ẹ tan 2-Step Verification (ààbò tó ń béèrè ẹ̀rí kejì lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù), kí ẹ wá wá App passwords nínú àkántì Google yín. Á fún yín ní páswọ́ọ̀dù tó jẹ́ álífábẹ́ẹ̀tì 16. Òun lẹ máa kọ sínú áàpù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yí páswọ́ọ̀dù gangan padà, èyí ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ ó gba òmíràn. Yahoo náà ní irú rẹ̀. Ní ti Outlook.com, áàpù tó bá mọ OAuth2 (ìwọlé láti ojú ewé Microsoft fúnra rẹ̀, láìkọ páswọ́ọ̀dù sínú áàpù) nìkan ló ń gbà láti September 2024, nítorí náà ẹ lo áàpù tuntun.

Láti Adó-Èkìtì: Kí ló dé tí ímeèlì fi ń jẹ dátà mi, tí fáìlì 20 MB ò sì lọ nígbà tí Gmail ní òun ń gba 25 MB?

Ìdáhùn: Bí fáìlì bá wọ inú ímeèlì, ó máa ń wú ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. 20 MB yín ti di bí 27 MB. Tó bá ti kọjá 18 MB, ẹ gbé e sí Drive, kí ẹ fi líǹkì ránṣẹ́.

Ní ti dátà, Thunderbird máa ń kó gbogbo lẹ́tà àtijọ́ wálẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdírẹ́sì sí i. Nínú Account Settings, ẹ lọ sí Synchronization & Storage, kí ẹ mú Synchronize the most recent, kí ẹ kọ 30 Days. Lẹ́tà tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ ṣì máa hàn, ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ló tó máa wálẹ̀.