Ọjà ọrọọrún ni mo fi kọ́ wọn ní L.C.M.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ béèrè bí ẹ ṣe lè fi nǹkan abúlé kọ́ ọmọ, ìbéèrè yín yé mi dáadáa: olùkọ́ mẹ́ta, kíláàsì mẹ́fà, abúlé tó jìnnà sí títì, ẹ sì fẹ́ kí ẹ̀kọ́ bá ìgbé ayé àwọn ọmọ mu láìjẹ́ pé alábẹ̀wò yóò ní ẹ ti pa iṣẹ́ ìjọba tì. Irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, láàárín oko kòkó, ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ olùkọ́ mi.

Ẹ má wulẹ̀ kọ ètò ẹ̀kọ́ tuntun. Ẹ mú skíìmù (ètò iṣẹ́ ìjọba) tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ wo àkòrí tó ń ta kókó fún àwọn ọmọ, kí ẹ wá bi ara yín pé ta ló ń ṣe irú ìṣirò yìí lábúlé láìmú bírò.

L.C.M. ni tèmi, ìyẹn nọ́ńbà tó kéré jù tí a lè fi nọ́ńbà méjì pín láìṣẹ́kù. Ọjà wa, ọjà ọrọọrún ni. Bí a bá ná an lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì la tún máa ná an. Mo béèrè pé ìgbà wo ló máa tó bọ́ sí ọjọ́ Ajé padà. Àwọn kan ní ọjọ́ 35, torí wọ́n fi 5 lọ́nà 7. Ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ ń ná ọjà yarí kanlẹ̀. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: Ajé, Ẹtì, Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, Ajé. Ọjọ́ 28 ló já sí. Níbẹ̀ ni ìjà ti bẹ́! Ẹ̀yìn ìjà náà ló tó hàn sí wọn pé àwa Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn, pé ọjọ́ mẹ́rin gan-an ló wà láti ọjà kan sí èkejì, àti pé ibi tí 4 àti 7 ti pàdé ni 28. Lẹ́yìn náà ni mo mú ọjà abúlé kejì wọlé, èyí tí ọjọ́ mẹ́jọ gan-an wà láti ọjà kan sí èkejì, mo sì ní kí wọ́n sọ ìgbà tí ọjà méjèèjì máa tún pàdé lọ́jọ́ Ajé. N kò tíì rí ìwé ìṣirò tó lè fa irú àríyànjiyàn yẹn.

Ebè náà ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Igba-igba la fi ń ka ebè fún alágbàṣe. Bí ebè bá fi mítà kan jìnnà síra lọ́tùn-ún lósì, 10,000 ló máa wà nínú hẹ́kítà kan, ìyẹn igba lọ́nà 50. Ìlọ́po, pínpín àti ìwọ̀n ilẹ̀ wà nínú ìbéèrè kan ṣoṣo.

Mo fa ọ̀rọ̀ yìí gùn torí ibi tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń dúró sí ni ọjọ́ àṣà: aṣọ òkè, ìlù, fọ́tò. Ó dùn, n kò ní kí ẹ má ṣe é. Àmọ́ bí ẹ bá lè yọ nǹkan abúlé kúrò tí ẹ̀kọ́ náà ò sì yingin, ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Bí ẹ bá fẹ́ pe àgbà wá sí kíláàsì, ẹ kọ́kọ́ lọ kí i nílé, kí ẹ jọ fẹnu kò sórí ìbéèrè kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìtàn á gba gbogbo àárọ̀. Ẹ fi nǹkan sí i lọ́wọ́. Ohun tó bá ní kí ẹ má kọ sílẹ̀, ẹ má kọ ọ́, pàápàá lórí ewé àti egbò.

Ẹ sì wo kíláàsì yín dáadáa. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ Ìgbìrà àti ọmọ Àgàtú wà níbẹ̀, ọmọ Fúlàní náà sì wà. Bí “àṣà wa” bá jẹ́ ti onílẹ̀ nìkan, àwọn wọ̀nyẹn ti di àlejò nínú kíláàsì tiwọn. Ọmọ darandaran mọ̀ nípa màlúù àti koríko ju èmi àti ẹ̀yin lọ, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́.

Àwọn òbí máa bínú: “Gẹ̀ẹ́sì la ní kí wọ́n wá kọ́, oko wà nílé.” Ẹ má bá wọn jà. Mo máa ń sọ fún wọn nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, onímọ̀ nípa ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970: ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, síbẹ̀ wọn ò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọ́n ní ìwé tí wọ́n ṣe fún un àti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dáńtọ́, èyí tí àwa ò ní. Nítorí náà, ìdánwò ni mo fi ń pa àwọn òbí lẹ́nu mọ́: irú ìbéèrè tó ń jáde nínú Common Entrance ni mo máa ń fi parí ẹ̀kọ́ ọjà yẹn, lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ má sì gbé iṣẹ́ yín lé ìlànà ìjọba tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ. Èyí tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, wọ́n ti wọ́gi lé e ní 2025.

Ní ti alábẹ̀wò, ẹ kọ àkòrí bó ṣe wà nínú skíìmù gẹ́lẹ́. Ọjà yẹn, abẹ́ “ìmọ̀ àtẹ̀yìnwá” àti “ohun èlò ìkọ́ni” nínú lesson note (ìwé ìmúrasílẹ̀ olùkọ́) ni kó wà. Ohun tó bá yọrí sí rere, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kan pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ àti kíláàsì tó jẹ́ tirẹ̀. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ọ̀gá, kí òmíràn wà lọ́wọ́ alága ẹgbẹ́ òbí, torí transfer lè dé bá yín láàárín táàmù.