Òkè Luofu ní ọjọ́ kan: ẹ yan ọjọ́ ná, kẹ́ ẹ tó yan ọ̀nà

Ẹ ní ẹ ń bọ̀ ní Guangzhou wá kó ọjà, pé ọjọ́ kan máa ṣẹ́ kù kí báálù yín tó gbéra, pé òkè tó ní tẹ́ńpìlì, tí ariwo ò sí níbẹ̀, lẹ fẹ́ gùn, kẹ́ ẹ sì padà lálẹ́. Ẹ tún béèrè bóyá ẹni tí kò gbọ́ Ṣáínà lè dá a lọ. Ó lè dá a lọ dáadáa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Xiaobei, àdúgbò kan ní Guangzhou, òkè Luofu ni mo sì máa ń sá lọ tí ariwo ọjà bá ti sú mi.

Òkè Baiyun tó wà láàárín ìlú, ẹ fi sílẹ̀. Kò ga ju mítà 382 lọ, gbogbo Guangzhou ló sì ń lọ ṣeré ìdárayá níbẹ̀, àwọn bàbá àgbà á gbé rédíò dání, kálukú pẹ̀lú orin tiẹ̀. Òkè Dinghu tó wà ní ìlú Zhaoqing dára. Tẹ́ńpìlì Qingyun wà níbẹ̀, igbó rẹ̀ sì ni ìjọba Ṣáínà kọ́kọ́ dáàbò bò nínú gbogbo igbó wọn, ní 1956. Bọ́ọ̀sì tó ń kó èrò lọ síbẹ̀ ló pọ̀ jù fún mi. Luofu ni tèmi. Ó wà ní Boluo, lábẹ́ ìlú Huizhou, níhà ìlà oòrùn Guangzhou. Ṣóńṣó rẹ̀, Feiyunding, ga tó mítà 1,296, àwọn ẹlẹ́sìn Dao, ẹ̀sìn àtijọ́ kan ní Ṣáínà, sì kà á mọ́ àwọn ibi mímọ́ ńlá mẹ́wàá tí wọ́n ní.

Àmọ́ ẹ má rò pé òkè náà dákẹ́ fúnra rẹ̀ o. Àmì A márùn-ún, èyí tó ga jù fún ibi ìgbafẹ́ ní Ṣáínà, ni ìjọba fún un, èrò ò sì gbẹ́yìn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá mú ló máa pinnu ìdákẹ́jẹ́ tẹ́ ẹ ń wá. Sátidé àti Sọ́ńdè ò ṣeé lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá, tí gbogbo Ṣáínà wà ní ìsinmi, ẹ má dábàá ẹ̀ rárá. Èyí tí àjèjì kì í mọ̀ ni pé ọjọ́ kìn-ín-ní àti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún nínú oṣù òṣùpá wọn ni àwọn èèyàn máa ń wá jọ́sìn ní tẹ́ńpìlì, ìyẹn sì lè bọ́ sí Túsìdé tẹ́ ẹ rò pé kò ní sẹ́nì kankan. Mo ti dé Chongxu, tẹ́ńpìlì tó wà nísàlẹ̀ òkè Luofu, lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún rí. Èéfín tùràrí bo àgbàlá mọ́lẹ̀, omi ń dà lójú mi, àwọn ìyá àgbà sì gbé ọsàn àti ìwé pupa sínú ọ̀rá, wọ́n ń fi ìgbúnwọ́ lànà. Ọjọ́ mìíràn tó tún burú ni ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án òṣùpá, tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù kẹwàá tiwa: àṣà wọn ni kí tọmọdé tàgbà gun òkè lọ́jọ́ náà. Túsìdé sí Tọ́sìdé tí kò bá èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí pàdé ni kẹ́ ẹ mú.

Ní ti ìgbà, láti oṣù kọkànlá wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ló dára jù. Òjò ti lọ, ooru ti rọlẹ̀. Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹsàn-án, òjò Guangdong kì í ṣeré, ìjì líle láti òkun sì lè mú kí wọ́n ti òkè náà pa láìròtẹ́lẹ̀. Oṣù kẹta ló máa ń tan èèyàn jẹ, torí òjò lè má rọ̀ púpọ̀, síbẹ̀ gbogbo nǹkan á tutù, àtẹ̀gùn òkúta á sì máa yọ̀ bí ilá. Tẹ́ ẹ bá wá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi àṣáná àti láítà sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀rù iná igbó ń bà wọ́n gan-an, wọn ò sì fẹ́ rí láítà lápò ẹnikẹ́ni tó ń gòkè. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń mu sìgá bá wọn jiyàn lẹ́nu géètì, ó gba àkókò wa, wọ́n ṣì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọ̀nà ò le mọ́. Láti 2023 ni rélùwéè ayára ti ń dúró ní ibùdó kan tó ń jẹ́ Luofushan, ìrìn náà ò sì tó wákàtí kan. Ẹ wo ibùdó tí tíkẹ́ẹ̀tì yín kọ dáadáa, torí Guangzhou ní ibùdó rélùwéè tó ju ẹyọ kan lọ, wọ́n sì jìnnà síra wọn. Pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n fi ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, òun náà ni wọ́n fi ń wọlé. Ẹ̀dà rẹ̀ tẹ́ ẹ yà sínú fóònù ò wúlò fún wọn. Ẹnu ẹ̀rọ lè má ka tiwa, ẹ lọ síbi tí òṣìṣẹ́ dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ ńkọ́? Ẹ rà á lọ́jọ́ kan náà tẹ́ ẹ bá ra tàlọ, kẹ́ ẹ sì fi wákàtí méjì sílẹ̀ láàárín ìgbà tẹ́ ẹ rò pé ẹ máa sọ̀ àti ìgbà tí rélùwéè máa gbéra.

Ibùdó yẹn ò sí lẹ́nu géètì òkè o. Àwọn tó máa ń dúró síta tí wọ́n ń pe èèyàn sínú ọkọ̀ wọn, tí wọ́n bá ti rí aláwọ̀ dúdú, owó á fò sókè. Ẹ pe Didi, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ń fi fóònù pè, láti inú Alipay, áàpù tí wọ́n fi ń sanwó níbẹ̀. Ẹ kọ 罗浮山 (òkè Luofu) àti 冲虚古观 (tẹ́ńpìlì Chongxu) sínú fóònù yín kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ kàn nawọ́ ẹ̀ sí dírẹ́bà, kò sí àlàyé mìíràn. Àwòrán ilẹ̀ Google ò ṣeé gbọ́kàn lé ní Ṣáínà, Amap, áàpù àwòrán ilẹ̀ tiwọn, ni kẹ́ ẹ lò. Ní ti owó sísan, Alipay ń gba káàdì Visa àti Mastercard ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí káàdì náírà wa ṣe rí. Ẹ dán an wò nílé ìtajà kékeré kan lọ́jọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ sì mú owó yuan wẹ́wẹ́ dání, torí ìyá tó ń ta omi lórí òkè lè má ní ṣéńjì.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má sáré kọjá tẹ́ńpìlì Chongxu tó wà nísàlẹ̀ torí pé ṣóńṣó òkè lẹ̀ ń wò. Ibẹ̀ ni Ge Hong gbé ní nǹkan bí 1,700 ọdún sẹ́yìn. Àwòrò Dao ni, oníṣègùn sì tún ni. Oògùn àìkú ló ń wá kiri. Kò rí i, àmọ́ ó kọ ìwé ìṣègùn kan, ibẹ̀ ló ti sọ pé kí ẹni tí ibà ń ṣe mú ẹ̀kúnwọ́ ewé qinghao kan, kó rẹ ẹ́ sínú omi, kó fún un, kó sì mu omi rẹ̀ tán. Kò ní kí wọ́n gbé e kaná. Àwa tí wọ́n ti fi àgbo gbígbóná rọ̀ lọ́nà ọ̀fun láti kékeré á mọ̀ pé nǹkan àrà nìyẹn. Ohun tí Tu Youyou, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, rí dì mú nìyẹn ní Beijing, nígbà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá oògùn ibà kiri, tí ewé náà sì ń ṣiṣẹ́ lónìí, tí kì í ṣiṣẹ́ lọ́la: ó fura pé iná ló ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ní 1971 ó lo ether, kẹ́míkà olómi kan tí kì í gba ooru púpọ̀, láti fa oògùn inú ewé náà jáde, ó sì jẹ́. Artemisinin nìyẹn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015, ohun tí wọ́n ṣe láti ara rẹ̀ ló sì wà nínú ACT, oògùn ibà tí wọ́n ń kọ fún wa ní Ìbàdàn àti Èkó. (Ẹ má torí èyí máa rẹ ewé mu nílé o. ACT ni kẹ́ ẹ gbà.) Adágún kékeré tí wọ́n ní Ge Hong ti ń fọ ewé wà ní Chongxu, ojúkò tó ti ń dáná oògùn àìkú rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Mo ti dúró sẹ́bàá omi yẹn nígbà tí ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ibà tí mo gbé bọ̀ láti ilé, mi ò sì mọ ohun tí ǹ bá sọ.

Tẹ́ ẹ bá jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí, kò sẹ́ni tó máa fipá mú yín jó tùràrí. Ẹ kàn gbé ẹsẹ̀ fo igi ẹnu ọ̀nà, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ má nàka sí ère, ẹ má sì yà á ní fọ́tò. Àwọn tó bá fẹ́ yà yín ní fọ́tò máa wà. Tí kò bá wù yín, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ju ọwọ́, ẹ máa lọ.

Gígun òkè náà ló wá kù. Láti tẹ́ńpìlì dé Feiyunding ju ẹgbẹ̀rún mítà lọ sókè, àtẹ̀gùn òkúta ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le á lo wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dókè. Ọkọ̀ orí okùn irin wà, àmọ́ kò dé ṣóńṣó, ẹsẹ̀ lẹ máa fi parí ẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ fi ọkọ̀ yẹn sọ̀, kẹ́ ẹ má fi gòkè. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń jẹ orúnkún run. Àárẹ̀ gígòkè kì í kọjá ọjọ́ kejì, àmọ́ ìrora ìsọ̀kalẹ̀ lè bá yín dé pápákọ̀ òfurufú, ẹ ó sì máa fa ẹrù kílò mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ẹ béèrè aago tí ọkọ̀ ìkẹyìn máa sọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dókè.

Lókè pátápátá, igi ti tán, koríko ló kù, kùrukùru sì lè bò yín tí ẹ ò ní rí ju ẹsẹ̀ yín lọ. Tó bá ti di aago kan ọ̀sán tẹ́ ẹ ò tíì rí ṣóńṣó, ẹ yí padà. Oòrùn máa ń wọ̀ ṣáájú aago mẹ́fà ní oṣù kejìlá, abẹ́ igi sì máa ń ṣókùnkùn ṣáájú ìyẹn. Nọ́ńbà ọlọ́pàá ni 110, ti áńbúláǹsì ni 120.

Ẹ mú búrẹ́dì, ẹyin sísè, ẹ̀pà, omi lítà méjì, ìwé ìnùdí (ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn kì í sábà ní), àti ẹ̀wù tín-ín-rín kan, torí òógùn máa ń di òtútù lókè. Tẹ́ ẹ bá rí àwọn tó ń ta dòuhuā, ìyẹn wàrà sóyà tó dì tí wọ́n da omi ṣúgà lé, nígbà tẹ́ ẹ bá sọ̀, ẹ jẹ ẹ́.

Ẹ fi ọjọ́ tí báálù yín ń bọ̀ ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín wo kàlẹ́ńdà òṣùpá wọn.