Wọ́n gba ìbọn bàbá mi lójú ọ̀nà Ìlárá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ọdẹ ni bàbá mi, wọ́n sì ti dolóògbé. Mo gbé ìbọn ṣakabùlà wọn sẹ́yìn alùpùpù, mo ń ti oko bọ̀ lójú ọ̀nà Ìlárá, làwọn ọlọ́pàá bá dá mi dúró. Wọ́n gba ìbọn, wọ́n gba àdá mọ́ ọn. Mo fi ìwé àṣẹ bàbá mi hàn wọ́n, wọ́n ní kò wúlò. Wọn ò fún mi ní ìwé kankan. Ṣé ẹ̀tọ́ wọn ni? — Ọmọ Ọdẹ, Kétu, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

ÈSÌ: Ọmọ mi, kú ará fẹ́ra kù.

Ní ti ìbọn, wọn ò jẹ̀bi. Orúkọ bàbá rẹ ló wà lára ìwé yẹn. O lè jogún ilé, o lè jogún oko, o tiẹ̀ lè jogún ìbọn náà, ṣùgbọ́n àṣẹ àti máa gbé e kiri kò ṣeé jogún.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ò ní dùn létí ará Kétu, ìlú tó ti mọ ọdẹ tipẹ́ kó tó mọ jándámù, àwọn ológun tó ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá. Jándámù lèmi náà, kí wọ́n tó pa jándámù pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá ní 2018. Bí mo bá béèrè ìwé ìbọn, àwọn àgbà ọdẹ a máa tú ọ̀rá kan jáde nínú àpò fún mi, ìwé á kún inú rẹ̀: káàdì ìdìbò, ìwé owó orí, ìwé ọsibítù. Ẹlòmíràn á na ìwé àṣẹ ìṣọdẹ tí àwọn aṣọ́gbó fún un. Ìyẹn wà fún ẹran tó fẹ́ pa, lábẹ́ òfin ẹran ìgbẹ́ ti 2004. Ti ìbọn lọ́tọ̀.

Àmọ́ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ ọ́ rèé. Ọlọ́pàá tó bá gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: kí ni, níbo, ọjọ́ wo, aago mélòó. Ìwọ náà á sì fọwọ́ sí i. Bí o ò bá gbọ́ Faransé, ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ kí o tó mú bírò. Padà lọ sí kọ̀mísárìá wọn, ìyẹn àgọ́ ọlọ́pàá, mú ìwé ikú bàbá rẹ dání, mú àgbà kan lẹ́yìn. Má bá wọn jà lórí ìbọn. Ìwé tó yẹ kí wọ́n kọ nǹkan tí wọ́n gbà sí ni kí o béèrè, kí o sì sọ pé ogún ni, pé o fẹ́ mọ bí wàá ṣe gba àṣẹ lórúkọ ara rẹ.

Bí wọ́n bá ní wọ́n máa tì ọ́ mọ́lé, abala 18 nínú Òfin Ìpilẹ̀ 1990 sọ pé kò gbọdọ̀ ju wákàtí 48 lọ, àfi bí wọ́n bá mú ọ dé iwájú adájọ́ tó sì fọwọ́ sí i. Adájọ́ pàápàá, kò gbọdọ̀ jẹ́ kó kọjá ọjọ́ 8.

Ọ̀rọ̀ àdá yẹn ló bí mi nínú. Kí ni wọ́n fẹ́ kí àgbẹ̀ mú ti oko bọ̀? Àdá tí ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, irinṣẹ́ ni. Bí o bá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń jà tàbí ibi tí wọ́n ti ń dìbò, a ò ní pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Rọra ní kí wọ́n dá a padà fún ọ.

Ìwọ tó sì ń gba ọ̀nà Ìlárá, lẹ́bàá ààlà Nàìjíríà, bí o bá tilẹ̀ rí àṣẹ gbà lọ́la, àṣẹ Bẹ̀nẹ̀ ò kọjá ààlà. Bí ẹran bá sá wọ Nàìjíríà, jẹ́ kó máa lọ.