Zao: ẹ sún un sí oṣù Kejì, ẹ sì sun ibẹ̀

Ìyá Ìbejì, ẹ ní ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ láti Tokyo lọ wo igi yìnyín (igi tí yìnyín bò mọ́lẹ̀) lórí òkè Zao ní Yamagata, Japan, nínú oṣù Kejìlá, àlọ àárọ̀, àbọ̀ alẹ́, ẹ̀rù sì ń bà yín torí kò sẹ́ni tó mọ síkì, eré yíyọ̀ lórí yìnyín, nínú yín. Síkì ò le tó oṣù tẹ́ ẹ mú yẹn, àti ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn.

Afẹ́fẹ́ òtútù láti Siberia ló ń gba orí Òkun Japan kọjá, tó ń fa omi mu. Ìkán omi inú rẹ̀ ti tutù kọjá ibi tó yẹ kó ti dì, síbẹ̀ kò tíì dì. Bó bá ṣe kan igi Aomori todomatsu báyìí, ó dì mọ́ ọn, yìnyín á tún lẹ̀ mọ́ ìyẹn. Tó bá fi máa di oṣù Kejì, ẹ ò ní rí igi mọ́, àfi bí ìgbà tí Ẹ̀yọ̀ tò kún orí òkè. Ní Kejìlá, ẹ̀ka tútù lásán lẹ máa bá.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìjì tó ń mọ ọ́n náà ló ń fi í pamọ́. Mo ti dé òkè rí tí mi ò rí ọwọ́ ara mi. Mo ti tò sórí ìlà nísàlẹ̀ rí tí wọ́n ní ọkọ̀ orí wáyà ò ní gbéra. Òru méjì ó kéré tán, ẹ jọ̀ọ́. Lọ́jọ́ tójú ọ̀run bá là, ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ àárọ̀ dá yín dúró. Ọkọ̀ wáyà méjì lẹ máa wọ̀ dé Jizo Sancho, ibùdókọ̀ tó wà lókè, ní gíga mítà 1,661, kò béèrè síkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ère Jizo, ẹni mímọ́ kan nínú ẹ̀sìn Búdà, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1775 wà nítòsí ibẹ̀. Ó ga ju mítà méjì lọ, síbẹ̀ yìnyín a máa bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ má wọ òwú sábẹ́ aṣọ, tó bá ti gba òógùn, ó parí. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìbọ̀wọ́ méjì-méjì.

Omi gbígbóná tí wọ́n ń wẹ̀ ní abúlé Zao kún fún imí ọjọ́, ó sì kan gan-an (pH rẹ̀ ò tó 2): ẹ bọ́ fàdákà kó má baà dúdú, ẹ má sì jẹ́ kó ta sójú àwọn ọmọ. Ìhòòhò ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. (Ẹ̀ẹ̀kan ni ojú máa tì yín.) Ibi ìwẹ̀ ńlá ìta gbangba tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fọ́tò, wọ́n máa ń tì í nígbà òtútù.

Bí Bàbá Ìbejì bá fẹ́ dán síkì wò, kó gba olùkọ́, kó sì jìnnà sí apá Yokokura, ibì kan wà níbẹ̀ tó da gẹ̀rẹ́ tó ìwọ̀n dígírì 38. Shinkansen, ọkọ̀ ojú irin ayára, ló ń gbéni láti Tokyo dé Yamagata, bọ́ọ̀sì nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 ló kù.