Ta ló ń kọrin sí ta? Yíyan orin ìdágbére fún àpèjẹ àwọn olùkọ́ ní Japan

Ìbéèrè: Ọmọ mi yóò parí kíláàsì kẹfà ní oṣù Kẹta ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Saitama. Wọ́n fi mí mọ́ àwọn òbí tó ń ṣètò àpèjẹ ìdúpẹ́ fún àwọn olùkọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní shaonkai. Orin mẹ́ta ló já lé mi léjìká: ọ̀kan tí àwọn ọmọ yóò kọ, ọ̀kan tí gbogbo wa yóò jọ kọ, àti ọ̀kan tí yóò máa dún lábẹ́ àwòrán. Mo gbọ́ èdè Japan díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò bá àwọn orin wọ̀nyí dàgbà. Báwo ni kí n ṣe yàn wọ́n tí wọn yóò fi wọ àwọn ènìyàn lára?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Kí ẹ tó ṣí YouTube rárá, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ta ló fẹ́ kọ orin yìí, ta ló sì ń kọ ọ́ sí? Àwọn orin ìdágbére wọn pín sọ́nà. Orin ẹni tó ń lọ wà lọ́tọ̀, orin ẹni tó dúró tó ń sin wọ́n sọ́nà wà lọ́tọ̀, orin ẹni tó ń dúpẹ́ oore náà sì ní àyè tirẹ̀. Ẹ wo Okuru Kotoba, orin ẹgbẹ́ Kaientai ní 1979. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí òbí Japan tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí òun ni wọ́n fi ṣí eré tẹlifíṣàn kan tó gbajúmọ̀ nípa olùkọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ okuru nínú orúkọ rẹ̀ ni kí á fúnni ní nǹkan: ọ̀rọ̀ tí ẹni tó dúró fi ta ẹni tó ń lọ lọ́rẹ. Ẹnu olùkọ́ ló bá mu. Bí ọmọ tó ń lọ bá wá dojú rẹ̀ kọ olùkọ́ tó dúró, ọ̀rọ̀ ti dorí kodò, ẹni tó gbọ́ èdè náà yóò sì mọ̀.

Ẹ má fi orúkọ orin yan orin. Ìtumọ̀ Sotsugyō tí Yutaka Ozaki kọ ní 1985 ni ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń bínú ló wà nínú rẹ̀, tó ń fọ́ gíláàsì fèrèsé ilé-ẹ̀kọ́ kiri lóru. Nagori Yuki máa ń pa àwọn àgbà lẹ́kún, àmọ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń pínyà ní ibùdókọ̀ ojú irin ni. Wọn yóò tún dárúkọ Tegami ti Angela Aki fún yín. Orin tó dára gan-an ni, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ní kíkún sọ pé lẹ́tà sí ọmọ ọdún 15 ni. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré ni wọ́n fi ṣe orin ìdíje NHK (ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn Japan) fún ní 2008. Ọmọ ọdún 12 ni tiyín. Ẹ fi í pamọ́ di ọdún mẹ́ta òní.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni kí ẹ bi olùkọ́ kíláàsì pé orin wo ni wọ́n fẹ́ kọ níbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde gan-an. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Tabidachi no Hi ni. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré Kagemori ní Chichibu, ní Saitama níbẹ̀ yẹn, ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní 1991, tí olùkọ́ orin ibẹ̀ sì fi ohùn sí i. Àwọn olùkọ́ ló kọ́kọ́ kọ ọ́, láti fi ya àwọn ọmọ tó ń jáde lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló tàn kálẹ̀ gbogbo Japan. Bí àwọn ọmọ bá ti máa kọ ọ́ níbi ayẹyẹ, ẹ má tún gbé e wá sí àpèjẹ. Omijé tí wọ́n ti sun láàárọ̀ kì í jáde bákan náà lọ́sàn-án.

Ní tèmi, Aogeba Tōtoshi ni mo máa fún àwọn ọmọ. Ó ti wà láti 1884, ọmọ tó ń lọ ló sì ń bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, nípa oore tó ṣe fún un. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti fi í sílẹ̀, nítorí náà kò dájú pé yóò kọlu orin ayẹyẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi sí ẹni tó mọ ibi tí ohùn rẹ̀ ti wá, àfi ìgbà tí wọ́n rí i ní 2011 nínú ìwé orin Amẹ́ríkà kan tó jáde ní 1871. Ẹsẹ kìíní àti ìkẹta ti tó. Ẹsẹ kejì ló ní kí ọmọ ga kí orúkọ rẹ̀ sì yọ, òun náà ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa ń fò.

Èdè àtijọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń wọlé. Nínú ẹsẹ kìíní, ẹ ó rí "omoeba ito toshi". Àwọn ọmọ á rò pé itoshi ni, ìyẹn ẹni ọ̀wọ́n. Rárá o. Ito ni gidigidi, toshi sì ni ohun tó yára: bí a bá rò ó wò, àwọn ọdún yìí mà tètè lọ o. Ẹ jẹ́ kí t kejì yẹn dún kedere, kí wọ́n má mí sáàárín rẹ̀. Èkejì ni "wakareme" nínú ìlà ìparí. Wọ́n máa ń rò pé me yẹn ni ojú. Ohun tó ń sọ ni pé àsìkò tó, ẹ jẹ́ ká pínyà. Ẹ sọ ìtumọ̀ méjèèjì fún àwọn ọmọ kí ìdánrawò kìíní tó bẹ̀rẹ̀. Ohùn ọmọ máa ń yí padà nígbà tó bá mọ ohun tó ń sọ. Ibì kan wà ní ìlà ìparí náà tí ohùn gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ kó tó tẹ̀síwájú. Bí ojú wọn kò bá sí lára ẹni tó ń darí, àwọn kan á ti kọjá, àwọn kan á ṣì dúró.

Ẹ̀yin náà yóò fẹ́ ka ọ̀rọ̀ náà sókè nínú ilé. N tó dá dúró nínú èdè wọn ní ìlù tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ǹ ṣe ní in nínú báǹkì tiwa: bá-ǹ-kì. Sensei jẹ́ mẹ́rin: se-n-se-i. Fáwẹ̀lì gígùn jẹ́ ìlù méjì. Ẹni tó bá gbé n mì ló máa ń ṣíwájú dùùrù.

Ẹ má gbàgbé Hotaru no Hikari, Ìmọ́lẹ̀ Tanátaná, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú rẹ̀. Láti 1881 ló ti wà nínú ìwé orin ilé-ẹ̀kọ́. Ohùn Auld Lang Syne ti ilẹ̀ Scotland ni. Ẹ fi sol-fa kọ ọ́, kò sí fa, kò sí ti nínú rẹ̀, bíi púpọ̀ nínú orin tiwa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá láti inú ìtàn Ṣáínà àtijọ́, nípa akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí kò rówó epo àtùpà: ọ̀kan fi ìmọ́lẹ̀ tanátaná kàwé, èkejì fi ìmọ́lẹ̀ tó ń tara yìnyín jáde. Ewì gidi wà nínú ẹsẹ kìíní. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, sugi, ni orúkọ igi tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn, òun náà sì ni kíkọjá: ọdún ti kọjá, a ṣílẹ̀kùn igi sugi, ó di gbéré. Ohun tó ń ba orin yìí jẹ́ ni pé àwọn ilé ìtajà máa ń lu ohùn kan náà nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tilẹ̀kùn lálẹ́. Tiwọn jẹ́ ìlù mẹ́ta-mẹ́ta. Ti ayẹyẹ jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Bí ẹ bá ka 1-2-3 tó bá a lọ láìyẹ̀, ti ìsọ̀ ni, ẹ má lò ó.

Fún àjọkọ, Tsubasa o Kudasai. 1971 ló jáde, ó sì ti pẹ́ nínú ìwé orin ilé-ẹ̀kọ́, nítorí náà òbí àti olùkọ́ á kọ ọ́ láìsí ìdánrawò. Bí ibi tó ga jù bá ń fún àwọn bàbá lọ́rùn, kí onídùùrù sọ kíì kalẹ̀ díẹ̀. Ohùn àwọn ọmọkùnrin mìíràn nínú kíláàsì kẹfà ti ń wúwo, wọn yóò dúpẹ́.

Lábẹ́ àwòrán, 3-gatsu 9-ka ti Remioromen, 2004. Ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n kọ ọ́ fún, àmọ́ oṣù Kẹta tó wà nínú rẹ̀ ti sọ ọ́ di orin ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Ẹ ṣírò kí ẹ tó to àwòrán: orin ìṣẹ́jú 4 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 240, bí àwòrán kan bá gba àáyá 6, àwòrán 40 péré ló wọlé. Bí ọmọ bá tó 35, ẹ lo àwòrán tó ní ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo wọn sórí ìwé, kí ẹ máa fàlà síwájú ẹni tó bá ti yọ. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ti ẹlòmíràn yọ lẹ́ẹ̀márùn-ún kò ní gbọ́ orin kankan mọ́.

Nípa òfin: kíkọ orin tàbí lílu CD níbi àpèjẹ tí kò sí èrè, tí a kò gbowó ìwọlé, tí a kò sì sanwó fún olórin, kò nílò ìyọ̀ǹda. Ṣíṣe àdàkọ ìwé orin fún gbogbo òbí yàtọ̀ sí ìyẹn. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé àwòrán àti orin náà sórí DVD kí ẹ pín in, ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ JASRAC, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tó kọ orin ní Japan, kí ẹ sì tún gbà á lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó gbé àwo orin náà jáde.

Ẹ fún àwọn ọmọ ní ìdánrawò mẹ́ta, ó kéré tán, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ orin ránṣẹ́ ní hiragana, lẹ́tà Japan tó rọrùn láti kà, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹkún máa ń fún ọ̀fun pa, ohùn òkè ló sì ń kọ́kọ́ lọ. Nítorí náà ẹ fi àwọn ọmọ tí ohùn wọn dúró ṣinṣin sí àárín, kí ẹ sọ fún àwọn tó kù pé bí ohùn bá gé, kí wọ́n mí, kí wọ́n tún wọlé ní ìlà tó kàn. Ẹni tó máa lu dùùrù, ẹ wá ẹni tí kò ní ọmọ nínú kíláàsì náà. Bí omijé bá bo ojú ẹni tó ń lu dùùrù, kò ní rí ìwé orin mọ́, orin á sì dúró lójú ọ̀nà.